Ta Ni Yóò Kọ Ìwé Àgbákò fún Wa?

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oòjíire tí ẹ ń kàwé ní Zaria, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí yóò ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé eré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ iná kò tíì tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Àwọn àgbà ló ní bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní sáà tó kọjá, iná lọ ní ilé tí mo ń gbé ní Samaru. Àwa mẹ́fà jókòó yí tọ́ọ̀ṣì kan ká, a ń ṣe eré kan tí ọ̀kan nínú wa kọ́ wa. Dungeons & Dragons ni wọ́n ń pe eré náà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wa yìí tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Eré náà kò ní ọpọ́n bíi ti ayò, kò sì ní káàdì bíi ti Whot. Ẹnì kan ni yóò máa sọ ìtàn: "Ẹ ti dé ẹnu ihò kan, òkùnkùn ṣú, ẹ sì ń gbọ́ ìró omi nínú lọ́hùn-ún." Àwọn yòókù ni ènìyàn inú ìtàn náà. Olúkúlùkù yóò sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Ọ̀kan lè ní òun yọ idà, èkejì lè ní òun fẹ́ fi ohùn tútù bá ẹni tó wà nínú ihò sọ̀rọ̀. Wọn yóò wá ta dáìsì olójú ogún láti mọ̀ bóyá ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Wọn kì í ta ara wọn láyò nínú eré yìí, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń lọ ìrìn-àjò kan náà. Lójú tèmi, àlọ́ ni, àfi pé àwọn tó yẹ kí wọ́n máa gbe orin nìkan ti wọ inú àlọ́ náà lọ.

Ní alẹ́ tí mò ń wí yìí, ó kàn mí láti sọ ìtàn. Mo ní kí n fi nǹkan ilé wa dá wọn lára yá. Mo ní: "Ẹ wà láàrin igbó. Ẹ gbọ́ ariwo bí ẹni pé ìjì ń bọ̀. Ẹ wo iwájú, ẹ rí ẹnì kan tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká. Àgbákò nìyẹn!" Mo rò pé wọn yóò pariwo. Kò sí ẹni tó mira. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Sabon Gari níhìn-ín, wò mí lójú, ó ní, "Àgbákò? Ṣé irú goblin kan ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí ibùsùn, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi mọ́. Ọ̀rẹ́ mi yìí mọ goblin. Ó mọ elf, ó mọ orc. Ó lè ka oríṣiríṣi dragon fún yín ní àwọ̀ ní àwọ̀, kí ó sì sọ èyí tó ń tu iná lẹ́nu àti èyí tó ń tu yìnyín. Ọlọ́pọlọ pípé ni. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni ìyá rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ nílé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi ìwé Yorùbá lé e lọ́wọ́ rí. Ní ilé-ìwé tó lọ, Háúsá ni wọ́n ń kọ́ wọn, Yorùbá kò sí níbẹ̀. Mélòó nínú wa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá mu? Láti ìgbà tí ojú irin ti dé ìhà yìí ni àwọn ará Ọ̀fà, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará Ìlọrin ti ń bímọ sí ilẹ̀ Háúsá. Èdè wà lẹ́nu àwọn ọmọ náà, àmọ́ ìwé rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó mú mi gbé kálámù nìyí. Ìwé tuntun ń jáde lórí eré yìí léraléra, àwọn ọ̀dọ́ ń kà wọ́n, ohun tí wọ́n sì ń kà ni wọn yóò fi máa lá àlá. Ta ni yóò kọ tiwa?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí àwọn ìwé náà ti rí. Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà. Páálí ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Lónìí, Wizards of the Coast ló ń tẹ̀ ẹ́, iléeṣẹ́ náà sì wà lábẹ́ Hasbro, àgbà iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré. Nígbà tí eré náà pé àádọ́ta ọdún, wọ́n tún ìwé mẹ́ta tó jẹ́ òpó rẹ̀ kọ. Èyí tó wà fún àwọn tó ń ṣeré jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Èyí tó wà fún ẹni tó ń sọ ìtàn jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ìwé àwọn ẹ̀dá abàmì jáde ní oṣù Kejì ọdún 2025, ẹ̀dá inú rẹ̀ sì lé ní 500. Yàtọ̀ sí mẹ́ta yìí, oríṣiríṣi ìwé mìíràn ló wà tí èmi ń pè ní ìwé alábàárìn, nítorí pé wọn kì í dá rìn. Ẹni tó ti ń ṣe eré náà ló ń rà wọ́n kí ìtàn rẹ̀ lè gbòòrò. Òmíràn nínú wọn sọ nípa ìlú inú ìtàn, òmíràn jẹ́ ìtàn bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kódà, wọ́n ṣe ìwé oúnjẹ síta ní ọdún 2020, tí ó kọ́ni bí a ti ń se oúnjẹ tí àwọn akọni inú eré náà ń jẹ!

Dọ́là 50 ó dín sẹ́ńtì kan ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé òpó mẹ́ta yẹn. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ 225,000 náírà, láìka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gàrí ti oṣù lẹ́yìn kò lè rà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú ẹ̀dá tó lé ní 500, kò sí Àgbákò, kò sí Egbére, kò sí Àrọ̀nì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láti ilẹ̀ wá. Ní ọdún 1980, wọ́n tẹ ìwé kan tí wọ́n pè ní Deities & Demigods. Wọ́n kó àwọn òòṣà Gíríìkì síbẹ̀, ti Íjíbítì, ti Íńdíà, ti Ṣáínà, ti Jàpáànù. Ti Yorùbá kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa yóò bínú, wọn yóò ní òyìnbó fojú tín-ínrín wa. Èmi kò bínú. Ohun tí ẹnì kan mọ̀ ni yóò kọ sílẹ̀. Ará Wisconsin ni Gygax, kò jẹ wá ní gbèsè Àgbákò. Bí ẹni tó ni ìtàn bá káwọ́ gbera, tó ń retí kí àlejò wá bá òun sọ ọ́, ta ni ká bá wí?

Ẹ sì wò ó, nígbà tí àlejò bá wá sọ ọ́, bí ojú rẹ̀ ti rí i ni yóò sọ ọ́. Ní ọdún 2000, àwọn tó ni eré náà gba àwọn mìíràn láyè láti máa kọ ìwé lé òfin eré náà lórí. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 2002, Christopher Dolunt tẹ ìwé kan jáde lọ́dọ̀ Atlas Games ní Amẹ́ríkà tí ó pè ní Nyambe. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó wò ṣe é. Ó kó àṣà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà pọ̀ sínú ilẹ̀ àròsọ kan ṣoṣo, òrìṣà sì ni orúkọ tó fún àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. N kò bú u. Ó rí àlàfo kan, ó sì gbìyànjú láti dí i, nígbà tí àwa ọlọ́rọ̀ ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ibẹ̀ mọ òrìṣà, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni yóò mọ̀, kò ní mọ ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Àwọn ọmọ tiwa náà kò sùn tán o. Ní Àbújá tó súnmọ́ wa yìí, Kenechukwu Ogbuagu àti iléeṣẹ́ rẹ̀, NIBCARD Games, ń ṣe eré orí tábìlì fúnra wọn, wọ́n sì ń kó àwọn olùfẹ́ eré bẹ́ẹ̀ jọ. Tomi Adeyemi kọ Children of Blood and Bone ní ọdún 2018, ayé sì rà á. Roye Okupe kọ ìwé alárààwòrán tó pè ní Iyanu ní ọdún 2021, ilẹ̀ Yorùbá ló fi ṣe àwòkọ́ṣe, ó sì di fíìmù alárààwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 2025. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé wọn. Ìyẹn kò lè wo àìsàn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Sabon Gari sàn. Yóò mọ ìtàn tán, kò sì ní lè ka ojú ewé kan ní èdè ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Nínú eré àwọn òyìnbó yìí, kí a tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ni yóò yan iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ni jagunjagun, ọ̀kan ni ọ̀mọ̀ràn, ọ̀kan ni olórin tí ohùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí oògùn. Ẹ lọ ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní ọdún 1938. Ọba rán àwọn ọdẹ méje lọ sí Òkè Láńgbòdó. Àkàrà-oògùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú oògùn rẹ̀. Kàkó gbé kùmọ̀ rẹ̀ dání. Ìmọ̀dòye ni ọlọ́gbọ́n wọn. Olóhùn-iyọ̀ ni olórin wọn. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Tafàtafà tún wà láàrin wọn. Ibi tí kùmọ̀ Kàkó kò bá ti ràn, orin Olóhùn-iyọ̀ lè ràn níbẹ̀. Ó ku ọdún mẹ́rìndínlógójì kí Gygax gbé páálí tirẹ̀ jáde ni Fágúnwà ti to ẹgbẹ́ yìí jọ fún wa! Wole Soyinka ti túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Wale Ògúnyẹmí ti sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, Langbodo, èyí tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC ní ọdún 1977. Ohun tó kù ni kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó yí tábìlì ká, kí wọ́n sì fi èdè Yorùbá lọ sí Òkè Láńgbòdó fúnra wọn.

Bóyá ẹnì kan yóò ní, "Kí ló kan Zaria nínú èyí? Ṣé Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é?" Èmi ní Zaria gan-an ló yẹ kí a ti ṣe é. Ẹ gbọ́ ìtàn ìlú tí ẹ ń gbé. Ní ọdún 1933, ìlú Zaria yìí ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìwé Háúsá wà, Rupert East ni ọ̀gá ibẹ̀. Wọ́n pe ìdíje pé kí àwọn ènìyàn kọ ìwé ìtàn àròsọ ní èdè Háúsá. Nínú ìdíje náà ni Ruwan Bagaja ti jáde, ìwé tí Abubakar Imam fi sọ ìrìn-àjò ẹni tó ń wá omi ìwòsàn kiri ayé. Inú rẹ̀ náà ni Shaihu Umar ti jáde, èyí tí Abubakar Tafawa Balewa kọ kí ó tó di olórí ìjọba Nàìjíríà. Nígbà tó yá, Zaria yìí kan náà ni wọ́n dá Gaskiya Corporation sílẹ̀ sí. Títí di òní, bí ẹ bá bi àwọn ọmọ Háúsá tí a jọ ń gbé yàrá nípa Abubakar Imam, wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ìdíje ni Fágúnwà náà kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún. Àwọn ìwé tí a ń yangàn wọ̀nyí kò dédé jábọ́ láti ọ̀run. Ẹnì kan ló pe ìpè, àwọn ọ̀dọ́ sì dáhùn.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Ti àkọ́kọ́ ni pé ohun èṣù ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ ọmọ ìjọ, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ Mùsùlùmí tòótọ́, n kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Irú ariwo yìí ti sọ rí ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1983, ìyá kan tó ń jẹ́ Patricia Pulling dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gbógun ti eré náà, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ńlá ni, kò sí ẹni tí irú rẹ̀ bá tí kò ní wá ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kò rí i pé eré yìí ló ń ti àwọn ọmọ sí ikú. Ẹ tún wo ilé. Kirisitẹ́nì ni Fágúnwà, tíṣà ni ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ilé-ìtẹ̀wé CMS ló sì tẹ ìwé iwin àti ẹbọra rẹ̀. Mùsùlùmí ni Abubakar Imam, àwọn àǹjọ̀nú sì wà nínú ìtàn rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó torí ìtàn fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ààlà kan wà tí èmi fúnra mi fẹ́ kí a fà. Nínú eré yìí, gbogbo ẹ̀dá ni wọ́n ń kọ iye ẹ̀mí sí lára, bí àpẹẹrẹ 40 tàbí 200, kí ẹni tó ń bá a jà lè mọ ìgbà tí yóò kú. Ọ̀rọ̀ òrìṣà yàtọ̀ sí èyí. Àwọn ènìyàn wà tó ń sin Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Ògún títí di òní, ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Brazil àti ní Kúbà. N kò fọwọ́ sí i kí a kọ iye ẹ̀mí sí ara wọn, kí àwọn ọmọ máa fi idà lé wọn kiri orí tábìlì. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí Jésù, a kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ànábì. Ẹ jẹ́ kí a fi ti ẹlẹ́sìn sílẹ̀ fún ẹlẹ́sìn. Àwọn iwin inú àlọ́ àti inú ìwé ìtàn ti tó wa ṣeré.

Èkejì ni àwọn tó máa ní, "Ẹ sáà túmọ̀ ìwé òyìnbó sí Yorùbá, ó parí." Rárá o! Ẹ jẹ́ kí n fi Egbére ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀dá kúkúrú ni Egbére, ó máa ń gbé ẹní kékeré kiri, ẹkún ló sì máa ń sun. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní rẹ̀ yóò di olówó, ṣùgbọ́n Egbére yóò tẹ̀ lé e délé, yóò máa sunkún sí i létí tọ̀sán-tòru. Ẹni tí kò bá lè fara dà á yóò dá ẹní padà. Iye ẹ̀mí wo lẹ fẹ́ kọ sí ara Egbére? Ta ló fẹ́ bá a jà? Sùúrù ẹni tó gba ẹní ni ó yẹ kí a fi dáìsì wọ̀n. Ẹ tún wo Àrọ̀nì ẹlẹ́sẹ̀ kan inú igbó. Wọ́n ní ẹni tó bá sá fún un ni í gbé, ẹni tó bá ní ọkàn tó dúró ni í fi ewé hàn. Nínú ìwé òyìnbó, ohun tí a kọ́kọ́ ń wò lára ẹ̀dá abàmì ni bí a ó ṣe pa á. Nínú tiwa, ìwà ẹni tó pàdé rẹ̀ ni wọ́n ń dán wò. Bí a bá kàn túmọ̀ òfin wọn, a ó sọ Egbére di goblin gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ mi ti ṣe.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tó máa ní ìwé ló gbé wa wá síbí, eré kọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n alẹ́ tí iná bá lọ, kí ni a ń ṣe? Ludo, Whot àti àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù. N kò ní kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ya alẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ fún èyí, ó tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe nìyí. Kí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ pe ìdíje kan láàrin àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kópa mú ẹ̀dá kan ṣoṣo wá, kí ó kọ ojú ewé méjì nípa rẹ̀ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ń gbé, ohun tó fẹ́ràn, ohun tó ń bẹ̀rù, àti bí ènìyàn ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó sọ ìlú tí ìtàn náà ti wá, nítorí pé iwin Ìjẹ̀ṣà lè má jọ iwin Ẹ̀gbá. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá fi òfin dáìsì sí i bó ti yẹ. Mẹ́rìndínlógún tó dára jù ni kí a kó jọ. Oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà ní ẹnu géètì lè tẹ̀ ẹ́ ní bébà lásán, kí ó sì fi pín-ìn-nì gán an pọ̀.

Ibo ni a ó ti rí ìtàn? Kì í ṣe inú íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ sí Sabon Gari, ẹ lọ sí Tudun Wada. Àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ, àwọn bàbá wa tó ti wà níbí láti ìgbà tí owó ṣì jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè, ẹ wólẹ̀ kí wọn, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ ní kí wọ́n pàlọ́ kan fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí ẹni tó bi wọ́n ní irú ìbéèrè yìí láti ogún ọdún. Bí wọ́n bá sì lọ kí a tó bi wọ́n, ilé-ìwé wo ni a ó ti lọ kọ́ ọ?

Ní ti òfin, kò sí ẹni tó máa mú wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn òṣèré náà kígbe lé iléeṣẹ́ náà lórí nítorí ìwé àdéhùn tó fẹ́ yí padà, wọ́n kó kókó òfin eré náà sábẹ́ Creative Commons. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ó kọ ìwé lé e lórí, kí ó sì tà á, láìsan kọ́bọ̀, bó bá ṣáà ti dárúkọ ibi tó ti mú un. Òfin náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ lo tiwọn, dáìsì ludo méjì tó láti fi ṣe òfin tuntun. Ní ti ìtàn, ẹ̀dá inú àlọ́ jẹ́ ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n èyí tí Fágúnwà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ní ẹni tó ni ín. Àwa lè fi wọ́n ṣeré nínú yàrá wa. Bí a bá fẹ́ tà wọ́n, kí a kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó jogún iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọlúàbí kì í jí nǹkan bàbá rẹ̀ tà.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kádìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ọ̀rọ̀ Fágúnwà jẹ́ ọ̀rọ̀ Òkè-Igbó, ọ̀rọ̀ ìwọ̀-oòrùn. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ibi tí bàbá náà kú sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún Heinemann, iléeṣẹ́ tó ń tẹ ìwé, òkè ọya níhìn-ín ni ó wà. Odò ló gbé e lọ ní Wúyà, nítòsí Bídà. Odò Kaduna ni odò náà. Omi Kubanni tí a ń rí ní ìsàlẹ̀ Samaru yìí, inú Galma ló ń ṣàn lọ, Galma sì ń ṣàn lọ sínú odò Kaduna. Ẹni tó kọ ìwé Àgbákò fún Yorùbá kò kà wá sí ará ọ̀nà jíjìn, ẹnu iṣẹ́ ìwé ló sì kú sí ní ìhà tiwa níhìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ọ̀fà ti gba Ògbójú Ọdẹ lọ́wọ́ mi báyìí. Ojú ewé mẹ́rin ni ó kà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bi mí ní ìbéèrè bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò tíì dé ibi tí Àgbákò wà. Ó ti búra pé nígbà tí òun bá dé ibẹ̀, òun ni yóò sọ ìtàn fún wa ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, ọwọ́ yín ni ìpàdé tó ń bọ̀ wà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ mú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan wá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìtàn wa parun mọ́ wa lẹ́nu. Ire o.